Ìrírí Mi Lórí Ríra Ẹ́ńjìnnì Tòkunbọ̀ fún Camry

Ní Kàbà tí mo ń gbé, àti ní gbogbo ojú ọ̀nà tó gba Mọ̀pà àti Ìsánlú kọjá lọ sí Ẹgbẹ̀, ẹ́ńjìnnì kan wà tí àwọn awakọ̀ kì í fẹ́ gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní búburú. Òun ni ẹ́ńjìnnì lítà 2.2 tí Toyota fi sínú Camry oní-sílíńdà mẹ́rin láti ọkọ̀ ọdún 1992 títí dé ti 2001, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ 5S-FE. Bí ẹ́ńjìnnì ẹnìkan bá kú, tí ó sì gbé ọkọ̀ rẹ̀ dé gáréèjì, ohun tí wọ́n á sọ fún un ni pé kó lọ wá òmíràn irú rẹ̀, kó gbé e sínú ọkọ̀, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Èmi náà gbà pé ẹ́ńjìnnì náà lágbára, nítorí mo ti lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún láti ilé dé ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni, àti láti Kàbà lọ sí Lọ́kọ́jà àti Àbújá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wá fẹ́ ra ọ̀kan, mo rí i pé agbára tí a ń ròyìn rẹ̀ kò sí nínú orúkọ. Ọwọ́ ẹni tó ti lò ó ṣáájú ló wà, a kò sì mọ ẹni náà, a kò rí ojú rẹ̀, orílẹ̀-èdè rẹ̀ pàápàá a kì í sábà mọ̀ dájú.

Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ọkọ̀ mi kò kú lójijì. Ọ́ìlì ló bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ díẹ̀díẹ̀, débi pé mo ní láti máa gbé gálọ́ọ̀nù kékeré kan sínú búùtù. Bí mo bá ń gun òkè lẹ́yìn àwọn tírélà tó ń kó sìmẹ́ǹtì láti Ọ̀bàjànà, tí mo sì tẹ iná mọ́ ọn kí n lè kọjá wọn, èéfín aláwọ̀ búlúù á bo ẹ̀yìn mi mọ́lẹ̀. Ọ̀gá mẹkáníìkì mi, tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe kí èmi tó mọ ọkọ̀ í wà, tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì rí i pé ọ́ìlì ti bo méjì nínú wọn.

Ó ní, “Tíṣà, ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti ọ́ìlì síìlì. Ríǹgì ti jẹ, sílíńdà náà ti jẹ. Ẹ tètè mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, kó má lọ nọ́ọ̀kì mọ́ yín lọ́wọ́ lójú ọ̀nà.”

Mo ní, “Mo ti gbọ́, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ wo ọwọ́ mi ná.”

Ọ̀nà tó wà nílẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ. A lè tú ẹ́ńjìnnì ọwọ́ mi palẹ̀, kí a sì tún un ṣe. Ohun tí wọ́n sábà ń pè ní àtúnṣe lọ́dọ̀ wa ni kí wọ́n pààrọ̀ ríǹgì tó yí písítìnnì ká àti gáskẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lọ fáàfù tó ń ṣí ojú sílíńdà tó sì ń dé e, kí wọ́n sì dé e padà. Bí sílíńdà bá ti jẹ, irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kì í tọ́jọ́, nítorí ríǹgì tuntun kò lè dí ihò tí kò rí roboto mọ́. Àfi kí a gbé bọ́lọ́ọ̀kì, ìyẹn odidi irin tí sílíńdà wà nínú rẹ̀, lọ sọ́dọ̀ àwọn tọ́nà tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, kí wọ́n gbẹ́ sílíńdà gbòòrò sí i, kí wọ́n fi písítìnnì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ sí i, kí wọ́n sì lọ kránkì, ọ̀pá tí písítìnnì ń yí. Mo mọ àwọn tó ṣe é tó sì dára fún wọn, ṣùgbọ́n ó gba tọ́nà tó ní ohun ìwọ̀n tó péye, tó sì ń lò ó. Ẹni tí mo kọ́kọ́ lọ bá ń fi ìka wọn inú sílíńdà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kọrí sílé.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ́kàn mi ni ẹ́ńjìnnì tí àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun tún rọ. Wọn a tú u tán pátápátá, wọn a fọ gbogbo irin rẹ̀, wọn a wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn a gbẹ́ èyí tó bá yẹ, wọn a fi bíárìnì, ríǹgì àti síìlì tuntun sí i, wọn a sì fún ẹni tó rà á ní ìwé ìdánilójú. Àbúrò mi kan tó wà ní Amẹ́ríkà bá mi béèrè. Iye tí wọ́n pè kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n lójú ẹni tó ń gba dọ́là, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tà á máa ń gba owó ìdógò mọ́ ọn, èyí tí wọ́n á dá padà nígbà tí oníbàárà bá kó ẹ́ńjìnnì àtijọ́ rẹ̀ wá fún wọn. Ta ni yóò kó ẹ́ńjìnnì tó ti jẹ láti Kàbà lọ sí Amẹ́ríkà? Owó ìdógò wọgbó nìyẹn. Ìwé ìdánilójú náà kò sì lè ṣe mí láǹfààní, nítorí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n á ní kí n gbé e wá. Owó ọkọ̀ ojú omi àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù kò tíì sí nínú ìṣirò yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín ní ọjà wa níbí pé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tún rọ ni òun ń tà, ẹ ní kó fi ìwé tí wọ́n kọ ìwọ̀n sílíńdà àti ti kránkì sí hàn yín. Bí kò bá ní in, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ọ̀dà kùn lásán ni.

Tòkunbọ̀ ló kù, èyí tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ lókè òkun tí wọ́n sì kó wá nínú kọ̀ǹténà. Òun ni mo mú. Kì í ṣe pé ó sàn ju àwọn yòókù lọ, òun nìkan ni mo lè fi ojú mi rí, tí mo sì lè dán wò kí owó tó kúrò lápò mi.

Ohun tó mú kí 5S-FE máa pẹ́ kò ṣòroó mọ̀. Irin pọ́ńbélé ni bọ́lọ́ọ̀kì rẹ̀, tọ́ọ̀pù rẹ̀, ìyẹn ìdérí tó wà lórí sílíńdà, ló jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù. Wọn kò béèrè agbára tó ju ẹ̀mí rẹ̀ lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí táímìn bẹ́lìtì rẹ̀, tó ń mú kí fáàfù máa ṣí lásìkò, bá sì já lójú ọ̀nà, ọkọ̀ á kàn dúró ni, písítìnnì kò ní í lọ gbá fáàfù títí yóò fi tẹ̀, bó ti máa ń rí nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì mìíràn. Ẹ fi wé ti Camry tó dé ní 2002, tí a ń pè ní Big Daddy. Alumíníọ́ọ̀mù ni bọ́lọ́ọ̀kì ẹ́ńjìnnì lítà 2.4 tirẹ̀, mẹkáníìkì tó bá sì ti tú u rí mọ ìyà tó ń fi jẹ ni: bó bá ti gbóná kọjá bó ti yẹ, ihò tí nọ́ọ̀tì tọ́ọ̀pù ń wọ̀ á jẹ, nọ́ọ̀tì náà kò sì ní í mú mọ́. Àwọn kan gbà mí níyànjú pé kí n gbé ti Big Daddy sínú ọkọ̀ mi torí pé ó lágbára jù. N kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì tí a ń yìn yìí ní ohun tó ń pa á. Ní ọdún 2002, Toyota kéde ní Amẹ́ríkà pé òun yóò tún ẹ́ńjìnnì ṣe fún àwọn oníbàárà tí ọ́ìlì bá dì mọ́ inú tiwọn, fún ọdún 8 láti ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ ta ọkọ̀ náà. Àwọn ọkọ̀ ọdún 1997 sí 2002 lọ̀rọ̀ náà kàn, 5S-FE sì wà lára wọn, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì V6 lítà 3.0 tó ń jẹ́ 1MZ-FE. Bí ọ́ìlì bá pẹ́ jù nínú ẹ́ńjìnnì láìpààrọ̀, á jóná, á ki, á dí àwọn ojú ihò tó yẹ kó gbà sàn, irin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin. Ibi tí mo ti ka èyí ni ọkàn mi ti kúrò lára orúkọ. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ ọdún 1999 lè jẹ́ ti àgbàlagbà kan tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì kí àkókò rẹ̀ tó pé, ó sì lè jẹ́ ti ẹni tí kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rí láyé rẹ̀. Inú kọ̀ǹténà kan náà ni àwọn méjèèjì á bá wọ̀lú, iye kan náà ni wọ́n á sì pè wọ́n.

Àwọn tó ń tà á a máa fi “ti Jàpáànù ni” tan ni. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òfìfo pátápátá: ní Jàpáànù, ọkọ̀ aládàáni tuntun gbọ́dọ̀ lọ fún àyẹ̀wò ìjọba lẹ́yìn ọdún 3, lẹ́yìn náà ní ọdún méjì-méjì, owó tó sì ń bá àyẹ̀wò náà rìn pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ ń yọwọ́ lára ọkọ̀ tí kò tíì rìn jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí a ti yọ kúrò lára ọkọ̀ kì í gbé mítà dání. Ẹnu ẹni tó ń tà á ni kìlómítà rẹ̀ wà.

Mo lè fi owó ránṣẹ́ sí ojúlùmọ̀ kan ní ọjà Ladipo ní Èkó kó bá mi rà á, kí ọkọ̀ akẹ́rù sì gbé e wá bá mi nílé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Òkun tiwa níbí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi kò lè ṣe é, ojú olójú kì í jọ ojú ẹni. Èmi àti ọ̀gá mi la jọ lọ sí Àbújá, nítorí ibẹ̀ sún mọ́ wa ju Èkó lọ, a sì gbé bátìrì, wáyà, sípánà plọ́ọ̀gì àti géèjì tí wọ́n fi ń wọn kọ́m̀pírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn agbára tí sílíńdà fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, dání.

Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n kọ́kọ́ gbé síwájú wa dára lójú púpọ̀. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán, wọ́n sì ti fi ọ̀dà fàdákà kùn ún. Ọ̀gá mi kò yìn ín. Ó ní kí wọ́n fún òun ní èyí tí wọn kò tíì fọ̀, olùtà náà, tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, sì rò pé àwàdà ló ń ṣe. Ara tí a kò tíì fọ̀ ló ń sọ ibi tí ọ́ìlì ti ń jò, torí ibẹ̀ ni eruku máa ń lẹ̀ mọ́ jù. Èyí tí a ti kùn kò ní ohunkóhun láti sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá mi ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, ó yí i sójú oòrùn, ó sì ti ìka bọ ihò náà títí dé ibi tí ìka rẹ̀ lè dé. Nígbà tó yọ ọ́, nǹkan kan ti lẹ̀ mọ́ ọn tó ki bí ọṣẹ dúdú. Ó nù ún sára bébà, ó sì na bébà náà sí olùtà.

Olùtà ní, “Bàbá, gbogbo wọn ló máa ń rí bẹ́ẹ̀.”

Ọ̀gá mi ní, “Ọmọ mi, bá wa gbé òmíràn wá.”

Èyí tí a padà rà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, eruku bò ó, géàbọ́ọ̀sì rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Abẹ́ ìdérí ọ́ìlì rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ṣùgbọ́n a rí irin níbẹ̀, kì í ṣe ẹrẹ̀. Kò sí funfun kankan lára géèjì ọ́ìlì, èyí tí ì bá jẹ́ àmì pé omi ti bá ọ́ìlì pàdé nínú rẹ̀. Ojú ibi tí omi ń gbà wọlé kò dípẹtà púpọ̀. Ọ̀gá mi fi sípánà ńlá yí kránkì rẹ̀ po yíká, ó sì ń gbọ́ bó ti ń mí jáde láti ojú plọ́ọ̀gì, nítorí ẹ́ńjìnnì tí òjò ti rọ̀ sí nínú lè gan mọ́lẹ̀ lójú kan péré kí ẹni tó rà á má sì mọ̀ títí yóò fi délé.

Nítorí pé sítátà wà lára géàbọ́ọ̀sì, kò nira láti wọn kọ́m̀pírẹ́ṣọ̀n rẹ̀ níbẹ̀. A gbé e lé orí táyà, a so bátìrì mọ́ ọn, a tú gbogbo plọ́ọ̀gì, ọ̀gá mi ṣí ẹnu tó ń gba afẹ́fẹ́ sílẹ̀ gbayawu, èmi sì ń ka géèjì. Ìwé Toyota sọ pé ó yẹ kí sílíńdà kọ̀ọ̀kan fún ni ní psi 178 (psi ni ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ tí géèjì ń kà), pé kò gbọdọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ 142, àti pé ìyàtọ̀ láàrin ọ̀kan àti èkejì kò gbọdọ̀ ju 14 lọ. Ẹ́ńjìnnì gbígbóná ni wọ́n ń sọ, tiwa sì tutù, nítorí náà n kò retí 178. Bí wọ́n bá dọ́gba ni mo ń wò. Ohun tí mo kà ni 160, 158, 162 àti 158. Lára òmíràn tí a ti wọ̀n ṣáájú, mẹ́ta sún mọ́ ara wọn, ẹ̀kẹrin kò sì ju 110 lọ. Ọ̀gá mi da ọ́ìlì díẹ̀ sínú sílíńdà tó lọ sílẹ̀ náà, a tún un wọ̀n, kò gbéra. Ó ní fáàfù ló ń jò nìyẹn, torí bó bá jẹ́ ríǹgì ni, ọ́ìlì náà ì bá dí i fún ìgbà díẹ̀, nọ́mbà ì bá sì gòkè. Ẹni tó ń ta ìyẹn ṣe tán láti dín owó kù. A kò dúró gbọ́ iye tó fẹ́ pè.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń fi tẹlifóònù ra ẹ́ńjìnnì kì í béèrè. Gbogbo 5S-FE kọ́ ló bára wọn mu. Èyí tó wà nínú Camry títí dé 1996, tí a ń pè ní Orobo, ń lo dìsíríbútọ̀ láti pín iná fún plọ́ọ̀gì. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ọkọ̀ 1997 kò ní in mọ́, kọ́ìlì méjì ló ń pín iná fún plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí wọ́n bá gbé ti Orobo fún ẹni tó ni ọkọ̀ 1999, irin lè bá irin mu, ṣùgbọ́n bíréènì bọ́ọ̀sì ọkọ̀ náà, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, kò ní í rí ohun tó ń wá. Riwáyà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gé wáyà, á máa so ó, láti ìgbà náà lọ iná ẹ́ńjìnnì tó wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù kò ní í kú mọ́. Ojú kọ́ìlì yẹn ni mo kọ́kọ́ ń wò lára ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan kí n tó béèrè iye owó.

Ọjà tòkunbọ̀ kò ní ìwé ìdánilójú, ṣùgbọ́n ó gba àdéhùn bí ènìyàn bá tẹnu mọ́ ọn. Mo ní kí wọ́n kọ nọ́mbà tí wọ́n tẹ̀ sára bọ́lọ́ọ̀kì sínú rìsíìtì, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo lè dá a padà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì bó bá nọ́ọ̀kì tàbí bí tọ́ọ̀pù rẹ̀ bá ti là. Olùtà ní òun kì í kọ irú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo kó owó mi padà sínú àpò, ó sì kọ ọ́.

Nígbà tí a gbé e dé Kàbà, n kò jẹ́ kí wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà nílẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Nígbà tó bá ti wọnú ọkọ̀ tán, ohun tí ènìyàn ì bá ṣe láàrin wákàtí kan á gba odidi ọjọ́, owó iṣẹ́ á sì lọ sókè. A pààrọ̀ táímìn bẹ́lìtì àti bíárìnì tó ń fà á le. Táímìn bẹ́lìtì yìí kan náà ló ń yí wọ́tà pọ́ǹpù, nítorí náà a pààrọ̀ òun náà. A fi síìlì tuntun sí iwájú àti ẹ̀yìn kránkì. Ti ẹ̀yìn yẹn ni mo tẹnu mọ́ jù, torí bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò lẹ́yìn tí gbogbo nǹkan ti wọlé, àfi kí wọ́n tún sọ géàbọ́ọ̀sì kalẹ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tẹ́ẹ̀mósítáàtì, tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná, ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàrin èmi àti ọ̀gá mi. Àṣà ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ni pé kí wọ́n yọ ọ́ sọnù, kí omi lè máa sàn fàlàlà, torí ilẹ̀ wa gbóná. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tuntun sí i.” Ó ní, “Bó bá há, tí ẹ́ńjìnnì gbóná, ẹ má pè mí o.” Mo rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà. Ẹ́ńjìnnì tí kò tètè gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ á máa rò pé àárọ̀ ló ṣì wà, bíréènì bọ́ọ̀sì á máa da epo lé e ju bó ti yẹ lọ, epo tó pọ̀ jù náà á sì máa fọ ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbóná jù, rédíétọ̀ tàbí fáànù ló yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí. Rédíétọ̀ tèmi náà kò bọ́ nínú rẹ̀: omi kànga tí a ti ń rọ sínú rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ti mú un dípẹtà, nítorí náà n kò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi owó gidi rà mu nínú omi yẹn. Tuntun ni mo rà, kúláńtì ni mo sì ń lò títí di òní.

Ọ́ìlì àkọ́kọ́ tí a dà sí i kò pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìrìn àjò kúkúrú sí Ìyárà àti padà, mo ní kí wọ́n dà á nù, kó lè kó ìdọ̀tí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ jáde. Ó jáde dúdú. Èyí tó tẹ̀lé e mọ́ díẹ̀ sí i. Láti ìgbà náà, ní gbogbo 5,000 kìlómítà ni mo ń pààrọ̀ rẹ̀, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan tó wà nínú àpótí dáṣíbọ́ọ̀dù, pẹ̀lú ohun tí mítà kà lọ́jọ́ tí a fi táímìn bẹ́lìtì tuntun sí i. Ìwé Toyota ní kí a pààrọ̀ bẹ́lìtì náà ní nǹkan bí 96,000 kìlómítà. Gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì ti kúrò nínú búùtù.

Ìwé ọkọ̀ ló gbẹ̀yìn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣeré. Nọ́mbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé ọkọ̀, nọ́mbà tuntun sì ti yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Mo kó rìsíìtì náà lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, mo san owó tó yẹ, wọ́n sì yí i padà. Lójú ọ̀nà Lọ́kọ́jà, ọlọ́pàá kan ní kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi tọ́ọ̀ṣì wá nọ́mbà náà lára bọ́lọ́ọ̀kì, ó fi wé èyí tó wà nínú ìwé, ó rí i pé wọ́n bára mu, ó wá bi mí pé níbo ni mo ti rà á, torí ti Camry tirẹ̀ náà ti ń jẹ ọ́ìlì.